Àlejò Kejìlá

Mọ́kànlá ni wọ́n ti rán sí mi kí ìwọ tó dé, Janneke.
Kọ́lẹ́ẹ̀jì yín a máa fi lẹ́tà ṣáájú:
ẹ se omi rẹ̀ kó hó dáadáa,
kò gbọdọ̀ pẹ́ níta ju aago mẹ́jọ lọ,
kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí.
Mo lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màríà.
Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀yin kì í bá a sọ̀rọ̀,
mo ní kí Ìyá má bínú,
mo gbé e wọ yàrá mi.

Inú òjò oṣù Kẹjọ lo dé.
Ẹrù rẹ ju ti ìyàwó tuntun lọ,
o sì ga débi pé àtẹ́rígbà mi
kí iwájú orí rẹ káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta
kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lálaalẹ́ ni o ń kọ̀wé.
O ní olùkọ́ ní kí ẹ máa kọ
ohun tí Ọlọ́run bá kọ́ yín lójúmọ́, ojú ewé kan,
òun yóò sì fún un ní máàkì.
Ẹ̀rín pa mí.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ Rẹ̀,
mi ò tíì gba máàkì kankan.

O ò mọ àgbàdo lọ̀, ìwọ ọmọ àgbẹ̀ àgbàdo!
O ní oko bàbá rẹ ní Áíówà, ojú kì í tó òpin rẹ̀,
pé ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, àti mọ́tò.
Mọ́tò kẹ̀?
Ọwọ́ mi dúró lórí ọlọ.
Níbí, bí hóró kan bá já bọ́,
a ó bẹ̀rẹ̀ mú un, a ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì mo rí ọ tí o bẹ̀rẹ̀.
Ètè rẹ ń mì.
Mi ò mọ̀ bóyá o kọ ìyẹn sínú ìwé.

Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. A jókòó ti ààrò.
Mo béèrè orúkọ ìlú rẹ,
torí Áíówà tóbi lẹ́nu, bí ẹni ń pe òkun.
O dárúkọ rẹ̀.
Mo dìde, mo gbé agolo bisikíìtì sọ̀ kalẹ̀ lájà,
mo kó ìwé owó tí Fidelino ń fi ránṣẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ,
ọdún mẹ́fà, ìlú kan náà.
Ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀
tó jẹ àgbàdo bàbá rẹ, ibẹ̀ ni ọmọ mi ń ṣiṣẹ́.

O ní, “Òdìkejì ọ̀nà rélùwéè nìyẹn.
A kì í... a kì í sábà débẹ̀.”

Mi ò fèsì.
Ìwọ jẹun àárọ̀ nílé, o jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ mi.
Òun rìn fún ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ìjọ gbàdúrà lé ìwọ lórí, wọ́n lu èdìdì sí ìwé rẹ;
òun wọ bàtà àbúrò rẹ̀ lọ.
Wọ́n ní ilé làbọ̀sinmi oko.
Oko Fidelino kò ní àbọ̀.
Iná ààrò ń kú lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nínú wa.

Oṣù Kejìlá, níbi bọ́ọ̀sì Totonicapán,
mo di hóró àgbàdo dúdú sínú aṣọ fún ọ kí o bá mi gbé e fún un.
O kọ̀wé pé aṣọ́bodè gbà á, aṣọ nìkan ló kù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí àwòrán tó dé.
Fidelino nínú kíṣìnnì ìyá rẹ,
ó jókòó sí etí àga, fìlà lórí orúnkún,
bí ẹni tí kò dá àga náà lójú.
Ó ti sanra.
Ìwọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, o gbé tọ́tíyà kan sókè;
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jóná, kò rí róbótó rárá.
Mo wò ó títí fóònù ọmọ aládùúgbò fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ti dé.
Ọmọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí, kì í jẹ ẹ̀pà.
Kò tíì dé, mo ti ń béèrè orúkọ ìlú rẹ̀.